Ilẹ̀ Oko Nínú Ìkòkò

"Gbé etí lé e dáadáa," ni ìyá bàbá mi wí, ó sì rọra fi ọwọ́ ti orí mi mọ́ ara ìkòkò náà. Ìkòkò tutù, ó ń rùn bí oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Fèrè rélùwéè tó ń lọ sí Òṣòdì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó kọjá tán ni mo wá gbọ́ ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan nínú ìkòkò, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọwọ́ ra ewé gbígbẹ.

"Wọ́n ń jẹun," ni Màmá wí. Màmá ni gbogbo ilé ń pè é.

Ekòló ni. Àwọn ará ilé mìíràn ní Ṣógúnlé ń sin adìẹ, àwa ń sin ekòló, àwọn ẹgbẹ́ mi kò sì jẹ́ kí n gbádùn nítorí rẹ̀.

Oko Màmá wà ní Òkòtà tẹ́lẹ̀. Òun àti bàbá bàbá mi ni wọ́n jọ ro ó títí ikú fi mú bàbá lọ, inú oko náà ni wọ́n sì sin ín sí. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí ta ilẹ̀ náà, Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bu erùpẹ̀ oko tòun ti ekòló sínú ìkòkò omi kan tó ti sán, ó rù ú wá sí ilé tí bàbá mi kọ́. Ó ní, "Èyí ni kí ẹ bù lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo bá kú. Ṣùgbọ́n kí ekòló wà nínú rẹ̀ o. Ilẹ̀ tí ekòló ti kú tán nínú rẹ̀, òkú ilẹ̀ ni."

Ó dá ihò sí ìdí ìkòkò náà, ó gbé e ka orí òkúta, ó sì fi àwo sábẹ́ rẹ̀ kó máa gba omi dúdú tó ń kán. Omi yẹn ló fi ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń fún wọn jẹ, díẹ̀díẹ̀, á rì í mọ́ igun kan. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀, ata kò gbọdọ̀ débẹ̀. Àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sómi ló fi ń bò ó. Bí mo bá bu omi jù, á ní, "Ṣé ẹja ni wọ́n ni?"

Kó tó ṣí i, á fi ìka kan ilẹ̀, á fi kan iwájú orí rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kan, Màmá lọ kí aláìsàn ní Ìsọlọ̀. Ariwo bá ta ní àdúgbò pé wolé-wolé ń bọ̀. Tanwíjí inú omi ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n lójú ìyá mi, ohunkóhun tó bá ń rá nínú ìkòkò, ẹjọ́ ni. Ó gbìyànjú láti gbé ìkòkò náà pamọ́, apá rẹ̀ kò ká a. Omi ẹ̀bà ń hó lórí iná. Ó gbé omi gbígbóná náà.

"Ẹ má dà á o! Ti Màmá ni!" ni mo kígbe.

"Ṣé kí wọ́n wá mú arúgbó lọ sí kóòtù ni?" Ó sì dà á sí i.

Wolé-wolé dé, wọ́n yọjú wo ìkòkò omi wa, wọ́n sì kọjá lára ti ekòló bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí Màmá dé, ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá ṣí àpò, ó rí àwọn ekòló tó ti kú, tí wọ́n funfun lókè.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "O ò mọ̀ ni. Èmi lo fẹ́ gbà sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, bó bá jókòó lórí àpótí rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ìkòkò náà. Kò ṣí i mọ́. Bí a bá ń da èèpo iṣu nù, ó máa ń fi ojú sìn ín dé ààtàn. Kò tún bá wa sọ̀rọ̀ ohun tí a ó bù lé e lórí mọ́, ìyẹn sì dùn mí ju ẹkún lọ. Òjò ọdún náà kò tíì dá tí ó fi kú.

Àáfà ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n ti to pákó sínú sàréè ní ẹ̀yìnkùlé, kí bàbá mi tó lọ gbé ìkòkò náà.

"Ilẹ̀ inú rẹ̀ ti kú," ni ìyá mi rọra wí. "Màmá fúnra wọn ló rí i."

"Ohun tí wọ́n ní ká ṣe náà nìyẹn," ni bàbá mi dáhùn, ó sì dojú ìkòkò náà dé.

Erùpẹ̀ òkè jábọ́, ó le gbagidi. Ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dúdú, ó rọ̀, àwọn ọmọ ekòló tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ sì ń yí kiri nínú rẹ̀. Omi gbígbóná kò dé ìdí ìkòkò. Bàbá mi jókòó sílẹ̀. Ìyá mi fi igbe ta: "Màmá ò wò ó mọ́! Wọn ò wò ó mọ́!"

Bàbá mi bu ilẹ̀ náà lé Màmá lórí bó ṣe ní kí a ṣe, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù. Díẹ̀ yẹn ti di púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Inú ike ló wà báyìí, ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìsọlọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí ẹ̀yìn tí Màmá kọ sí ohun tó ṣì ń mí. Mo máa ń fi ìka kan ilẹ̀, mo máa ń kí onílé, lẹ́yìn náà n ó gbé etí lé ike náà. Bí mo bá ti gbọ́ wọn, mo máa ń sọ ọ́ sókè kí ó lè gbọ́:

"Màmá, wọ́n ń jẹun."