Igo Epo Inú Fìríìjì

Òórùn epo tó ń hó lórí iná ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ tí a ra bátìrì yẹn. Inú ẹbu ìyá mi ní Ìlútítun, níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ni mo gbé bọ́ọ̀sì mi sí, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí kò sí àyè nílé tèmi. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló gba òórùn náà: aṣọ ojú fèrèsé, fóòmù, títí kan àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tí mo lẹ̀ mọ́ ara ìlẹ̀kùn. Títí di òní, bí mo bá ṣí ọkọ̀ náà lọ́sàn-án gangan, ńṣe ni ọbẹ̀ máa ń wù mí jẹ.

Ìwọ náà kúkú mọ iṣẹ́ mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Òkìtìpupa, tí mò ń fi ọ̀pá tọ́ka sí òkè Jos lára ògiri, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò kọjá Lọ́kọ́jà rí. Nígbà tó yá, ìtìjú ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Mo ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, mo tú gbogbo àga inú rẹ̀, káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sí i, wẹ́dà sì de pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ orí rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní tíṣà ti di ìgbín, ó fẹ́ máa gbé ilé rẹ̀ kiri. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìyá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo tó kù láyé, ń gbé ní Jos láti ìgbà tó ti lọ́kọ síbẹ̀, orúnkún sì ti dá a jókòó, kò lè rìnrìn àjò mọ́. Ìyá mi ní tiwọn ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún láràárọ̀ kò gbọdọ̀ rí ooru, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wọn pé bí oògùn náà bá gbóná, kò yàtọ̀ sí omi lásán mọ́. Fún ọdún mọ́kànlá, orí fóònù ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń gbọ́ ohùn ara wọn, lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ tí mo fi fìríìjì kékeré tó ń lo iná bátìrì hàn wọ́n nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbọ́wọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀.

“Ṣé ó máa tutù títí dé Jos?”

“Bí bátìrì rẹ̀ bá dáa ni, Ìyá.”

“A jọ máa lọ rà á nìyẹn.”

Ọmọ Ìlàjẹ kan ló ń ta bátìrì àti ohun èlò sólà ní Òkìtìpupa nígbà náà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó gbé méjì síwájú wa. Èkíní jẹ́ bátìrì olómi, dúdú, gbàǹgbà. Èkejì ni wọ́n ń pè ní lítíọ́ọ̀mù, kò tó ìdajì ti èkíní. Ìyá mi na ọwọ́ sí èyí tó tóbi, wọ́n gbìyànjú títí, kò mì, inú wọn sì dùn sí i. Wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé lítíọ́ọ̀mù bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n sì wò mí lójú.

“Ọma mi, kí ló wà nínú èyí? Ìdì ẹyìn tó bá wúwo ló ní epo nínú.”

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wo bátìrì lórí fóònù mi. Inú bí mi díẹ̀, kí n má purọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti lò ó rí. Mo ní rárá.

Ní ẹbu, o mọ̀, a kì í gba epo lọ́wọ́ àlejò lọ́jọ́ tó bá gbé e dé. À á jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì jókòó di ọjọ́ kejì, kí omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, kí a tó mọ ohun tí à ń rà.

“Epo tí a kò bá jẹ́ kó jókòó, ẹnu ẹni tó ń tà á la rà,” ni ìyá mi wí. “Ẹ jẹ́ kí bátìrì wọ̀nyí náà jókòó.”

Òǹtajà náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní irú fìríìjì mi kan lórí pẹpẹ, a sì gbé tèmi wọlé láti inú ọkọ̀. Bátìrì méjèèjì kún fún iná. Ó so fìríìjì kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi bu epo pupa tí a gbé wá láti ẹbu sínú igo kékeré méjì, wọ́n ti ọ̀kan sínú fìríìjì kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣebí nọ́ńbà wà lójú fìríìjì tó ń sọ bó ṣe tutù sí.

“Bó bá tutù, epo á dì. Bó bá gbóná, epo á yọ́,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn. “Epo ò mọ ẹni tó kàwé.”

Ọ̀rọ̀ náà di ìran wíwò. Ìyá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní gbogbo ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́kadà ń yà wá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹ̀yìn bátìrì ńlá sì ni gbogbo wọn wà. Ìyàwó òǹtajà fi pupuru àti ọbẹ̀ ẹja bọ́ wa. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀bù, epo méjèèjì ti dì bí ọṣẹ. Nígbà tí a ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bákan náà ni. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, mo sì ti ń ronú ibi tí n ó gbé bátìrì ńlá yẹn sí nínú bọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá mi ṣí fìríìjì bátìrì ńlá, wọ́n sì dorí igo kodò. Epo náà ṣàn. Iná kékeré ojú fìríìjì náà ṣì ń tàn rere, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú un tutù ti dákẹ́, agbára bátìrì kò ká a mọ́. Wọ́n ṣí èkejì. Epo inú rẹ̀ kò mira, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo fẹ́ yangàn, ojú wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Wọ́n tún dorí igo náà kodò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín bá gbà wọ́n dé ibi pé wọ́n di bẹ́ǹṣì mú.

“Ẹ wo èmi náà. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ẹbu pé kẹ́ẹ̀gì tó bá wúwo jù, omi ló wà nínú ẹ̀.”

Òǹtajà ní kí a má bínú, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ńlá náà ti pẹ́ jù lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè fi ẹ̀kọ́ mi yangàn mọ́. Bó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù ló ti bàjẹ́ ńkọ́? Èmi ì bá rà á, n ì bá gbé ìyá mi àti oògùn wọn le e lórí, nítorí pé ẹnìkan sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù.

A ra lítíọ́ọ̀mù náà, a sì gbéra ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. A sùn lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn Lọ́kọ́jà. Láàárọ̀, kí ìyá mi tó gún abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n mú igo epo tó wà pẹ̀lú oògùn nínú fìríìjì, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n ní, “Ó dì,” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin. Orin náà kò dá títí tí mo fi rí àwọn òkúta Jos, tí wọ́n tò lé ara wọn bí mo ṣe máa ń yà á sójú pátákó, àfi pé wọ́n tóbi ju pátákó mi lọ. Inú mi dùn dé ibi pé mo dúró lẹ́bàá títì láti kàn wò wọ́n. Ìyá mi ní kí n wakọ̀ jàre, òkúta kò ní sá lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọn wà lórí àga níta. Wọ́n di ara wọn mú. Nígbà tí a kó ẹrù wọlé, ẹ̀gbọ́n rí igo náà láàárín oògùn, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òórùn ẹbu ìyá àwọn ni. Ó ní ká fi se ọbẹ̀ lọ́gán, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe jẹ epo tó jẹ́ ẹlẹ́rìí wa tán.

Láti ìgbà náà, ìrìn àjò kan kì í kọjá kí ìyá mi má fún mi ní igo epo tuntun. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìlú tí mo fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá dá mi lójú jù, pàápàá bó bá jẹ́ èmi ni mò ń sọ ọ́, mo máa ń jẹ́ kó jókòó di ọjọ́ kejì. Mo ti ra ẹnu ara mi rí, ó sì jọ pé ọjà yẹn ló rọrùn jù lọ láti rà.