Ọkùnrin Àpòmù Tó Ń Fún Lẹ́tà Láyè

Bí mo bá rí ẹni tó di ojú kan wo pátákó, ọkùnrin Àpòmù yẹn ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ pátákó kíkọ la jọ ń ṣe, èmi ní Ìkirè. Bó bá kọ tirẹ̀ tán, á sọdá títì lọ di ojú kan wò ó.

Bó bá sì rí tèmi, á ní, “Ọ̀rẹ́, fún lẹ́tà láyè.”

Èmi tí mo ń kó oríṣi lẹ́tà mẹ́fà sójú kan á ní, “Ṣé wọ́n fẹ́ sùn ni?”

Àfi bí oníbàárà mi, ìyá tó ń ta dòdò létí títì, ṣe gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tará Àpòmù yẹn lèrò ọkọ̀ ń rí kà.”

Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Èmi náà ti ń sọdá títì báyìí, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ará Àpòmù kankan ń bọ̀.