Agolo Mẹ́rin Lẹ́sẹ̀ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni mo fi ń rántí Ìjòkó, àdúgbò kan ní Ọ̀tà. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, Ọ̀tà ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ níbí, yunifásítì ń yọ lọ́hùn-ún, ẹni tó bá sì ti ní yàrá tó ṣófo ti di onílé nìyẹn. Mo gba yàrá kan nínú ilé alágbàlá níbẹ̀, nítorí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni kí agogo tó lù. Mo fẹ́ràn yàrá náà. Ìyá onílé nìkan ni n kò fẹ́ràn, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ dòní, bó tilẹ̀ ti kú.

Obìnrin náà ní òwò kan tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Bí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bá ń ṣe àpéjọ ọdọọdún, tí èrò ń wọ́ tìrítìrí wá, yóò tẹ́ fóòmù kún pálọ̀, àlejò yóò sì sanwó sùn lórí wọn. Bí wọ́n bá lọ tán, yóò ká fóòmù náà jọ, yóò kó wọn sí yàrá ìkẹ́rù tó fara ti ògiri mi. Kò jẹ́ sá wọn sóòrùn. Ó ní ẹni tó wá gbàdúrà kì í dọ̀tí.

Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn àpéjọ yìí ni ìdun wọlé dé. Gbogbo ará ilé ń họra. Ìyá onílé dúró lẹ́nu kànga lọ́sàn-án gangan, níwájú gbogbo ayálégbé, ó na ìka sí mi.

“Ẹ̀yin ará òkè yìí, ìwé lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ìmọ́tótó. Tíṣà, ẹ kó ìdun yín, kẹ́ ẹ kó ẹrù yín tẹ̀ lé e. Tí oṣù yìí bá ti parí, mo fẹ́ yàrá mi.”

Ìkirè ní Ọ̀ṣun ni mo ti wá. Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì mi, tí òun náà wá láti Ọ̀ṣun, ń wo ilẹ̀. Mo wọlé. N kò sunkún, àmọ́ mo ro ibi tí mo tún lè gbé tó súnmọ́ iṣẹ́ mi, n kò rí i.

Ìyá tó bí mi kò ra oògùn apakòkòrò rí, ohun tó máa ń ṣe ni èmi náà ṣe. Mo gbé fóòmù mi sóòrùn, mo ń yí i bí ẹni ń sá èlùbọ́. Mo se omi títí tó fi hó yaya, mo dà á sí gbogbo oríkèé pákó bẹ́ẹ̀dì. Mo sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, mo sì ká etí aṣọ rẹ̀ kó má kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bu omi ọṣẹ sínú agolo mílíìkì ńlá mẹ́rin, mo ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkísà tí mo so yí agolo ká ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ara agolo a máa yọ̀ fún ìdun, àkísà ni yóò dì mú gòkè, tó bá dé etí agolo, ó já sómi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ wọ́n wò. Omi inú agolo mẹ́ta mọ́ gaara. Ẹ̀kẹrin, èyí tó kọjú sí yàrá ìkẹ́rù, pọ́n rúsúrúsú bí ẹni da èèpo ẹ̀pà sí i. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Mo gbé agolo náà lọ bá bàbá onílé tó ń run orín lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀. Agolo tó súnmọ́ yàrá ìkẹ́rù yín nìyí. Àwọn mẹ́ta yòókù ò mú nǹkan kan.”

Ó wò ó. Ó wọ yàrá ìkẹ́rù, ó tú fóòmù kan, ó sì fò sẹ́yìn bí ọmọdé.

“Màmá,” ó pe ìyàwó rẹ̀, “jáde wá. Àwọn àlejò rẹ ò tíì lọ.”

Ìyá onílé yọjú wo fóòmù náà. “Àwọn ará àpéjọ ló kó wọn wá,” ló ní.

“Àwa ará òkè ńkọ́, Mọ́mì?” Aránṣọ ni. “Ṣé ká ṣì máa dirù?”

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Sátidé ni, kò sẹ́ni tó lọ síbi iṣẹ́. Fóòmù kún orí koríko, ìkòkò omi ń hó lórí ààrò, a ń kọrin, a ń pa ìdun, èmi tí wọ́n ní kó ẹrù rẹ̀ jáde ni mo sì ń pàṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò tún dárúkọ ìparí oṣù.

Nírọ̀lẹ́, ìyá onílé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, agolo mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tíṣà, báwo lẹ ṣe ń so àkísà yẹn?”

Kò sọ pé kí n má bínú. Mo gbé àpótí fún un jókòó. Mo jẹ́ kó so ó, kó tú u, kó tún un so, bí mo ṣe máa ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ kò tètè gbà á. Ó ń ṣe é wọ́rọ́wọ́, kò wo ojú mi.

Àwọn ọmọ mi ní kí n dárí jì í. Mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Inú yàrá yẹn ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, láti ọjọ́ náà ni n kì í sì í bá ẹni tó bá pè mí ní onídọ̀tí pariwo mọ́. Mo máa ń dákẹ́, mo máa ń wo ibi tí kòkòrò ti ń bọ̀. Agolo kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi tòun ti àkísà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí inú mi bá bàjẹ́, mo máa ń gbé e sórí tábìlì, màá tún rí ọwọ́ ìyá onílé tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó, ara mi á sì yá gágá.