Rédíò Bàbá Mi Nílé Beltsville

Òórùn ìpara tí bàbá mi fi ń pa orúnkún ló gba gbogbo pálọ̀ wa ní Beltsville, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, lọ́dún tí mo mú wọn wá láti Ìbàdàn. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn báyìí, òun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ rédíò àtijọ́ tó ń hó ṣùù lórí tábìlì. Wọn ò gbà ká fi í sílẹ̀ nílé. Bàtà méjì ni mo yọ kúrò nínú báàgì wọn kó tó ráyè.

Kí n má purọ́ fún ọ, ìdí rédíò yẹn ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí oòrùn bá ti wọ̀, ohùn tó ń bọ̀ láti òkè òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, á tún máa bọ̀. Màá sáré fẹ́ yí i, bàbá mi á ní, "Fọwọ́ kúrò. Yóò padà." A ó jókòó tì í, yóò sì padà lóòótọ́. Ohun tó ń gbé ohùn náà lọ ni mo wá kọ́ dé Maryland, òun náà ló sì ń bọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, iyè bàbá mi ti ń ra. Láàárọ̀ kan wọ́n á pè mí lórúkọ, láàárọ̀ kejì wọ́n á rò pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo fẹ́ sọ ìdí tí ohùn rédíò fi ń lọ nírọ̀lẹ́ fún wọn kí wọ́n tó gbàgbé pé àwa méjèèjì la jọ bi ìbéèrè náà.

Lọ́jọ́ Sunday kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo po tíì fún wọn, mo jókòó.

"Dádì, ẹ rántí bí rédíò yìí ṣe máa ń lọ nírọ̀lẹ́? Afẹ́fẹ́ náà ní ìgbì bí òkun. Oòrùn àti òjò ńlá ilẹ̀ wa ló ń mú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ gbóná lójoojúmọ́, ìgbì á wá máa ru sókè, á máa tóbi sí i, títí á fi dé òkè réré tó ń dá ohùn rédíò padà sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa tó sún mọ́ agbedeméjì ayé, bí oòrùn bá ti wọ̀, òkè yẹn a máa dà rú, ohùn á sì sọnù fúngbà díẹ̀."

Wọ́n ń mi orí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì tèmi.

"Ẹ ṣeun, màdáámù," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, nǹkan tó ń kọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un."

"Kí ni kí n sọ fún un, sà?"

"Ẹ ní kó máa bọ̀ nílé. Mo ti ń retí ẹ̀."

Mo wọ kíṣìnnì, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Nígbà tí mo jáde, mo na ọwọ́ láti pa ariwo rédíò náà. Wọ́n rọra gbá ọwọ́ mi mú.

"Fọwọ́ kúrò. Yóò padà."

Bàbá mi ò tún pè mí lórúkọ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bi wọ́n mọ́ bóyá wọ́n mọ̀ mí. Mo mọ ìdí tí ohùn fi ń lọ bí oòrùn bá wọ̀; mo lè yà á fún ọ lórí pépà. Bí a ṣe ń jókòó tì í ni mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe jókòó tì wọ́n.