Owó Ẹsẹ̀ Bàbá Bùbá

Lówùúrọ̀ àná, aládùúgbò mi kan finá sí ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, ó ní òun ń lé yànmùyánmú. Yànmùyánmú kò lọ. Èmi ni èéfín náà lé, ó lé mi dé gàá Bàbá Bùbá, ibùdó Fúlàní tó ti tú tipẹ́. Omi bọ́ lójú mi sórí àpò èlùbọ́. Oníbàárà mi ní, "Ìyá Síkírá, ṣé èéfín ni?" Mo ní èéfín ni. Ẹni tó ti fi gbogbo àárọ̀ ná èlùbọ́ kóńgò kan, kí ni kí n tún sọ fún un?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá gbọ́ gàá, ìjà lẹ máa ń rántí. Ní tiwa, ìdí ọrọ̀ wa ló wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ onítábà ni bàbá mi. Bó bá ta tábà tán, kì í kówó sábẹ́ ẹní. Abo màlúù ló ń rà, á fà á lé Bàbá Bùbá lọ́wọ́, Fúlàní tí gàá rẹ̀ wà lẹ́yìn oko wa. Wàrà jẹ́ ti ará gàá, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Bàbá mi ní ń ra iyọ̀ tí màlúù ń lá. Bí abo bá bí títí, wọ́n á yọ ọmọ kan fún Bàbá Bùbá. Akọ là ń tà bí ìṣòro bá dé: akọ kan ló kan páànù ilé wa, òmíràn ló rán ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwé. Nígbà tó kàn mí, ó jọ pé akọ ti tán. Abo kì í jáde. Bàbá mi ní ọjọ́ tí abo bá jáde, agbo tú nìyẹn.

Nígbà tí eyín iwájú mi ń ká, ó tọ́ka ọmọ màlúù funfun kan sí mi: "Tìrẹ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ni wàá fi bẹ̀rẹ̀ òwò." Hawáwù, ọmọ Bàbá Bùbá, ọ̀rẹ́ mi, sọ ọ́ ní Dànéyè, ìyẹn ni funfun lédè wọn. Ó kọ́ mi bí a ti ń fi ahọ́n ta àjà ẹnu láti pè é. Tèmi dún bí ti ẹni tí ata ta. Dànéyè á wò mí, á gbójú kúrò.

Dànéyè ti lóyún àkọ́kọ́ nígbà tí alájì kan bú bàbá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: "Ìwọ lo ni màlúù, Fúlàní ló ń mu wàrà. Ta gan-an ni ọlọ́rọ̀ nínú yín?" Ọ̀rọ̀ náà gún un. Lọ́jọ́ kejì, ó da màlúù wálé.

Ẹ bá rí wa! Bàbá mi gbé korobá sábẹ́ ìyá màlúù kan, ó ní "Bìsìmílà", màlúù fẹsẹ̀ dá a lóhùn. Ìyá mi ní, "Bàbá Ráfíù, ṣé wàrà náà rèé?" Àwọn màlúù jẹ ẹ̀wà ará ilé kejì, wọ́n tẹ èlùbọ́ tí a sá sórí àpáta mọ́lẹ̀, bàbá mi ń tọrọ àforíjì láti ojúlé dé ojúlé. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, koríko ti jóná. Ìyá mi bó gbágùúdá tó fẹ́ fi ṣe láfún, ó kó èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé èèpo gbágùúdá gbọ́dọ̀ gbẹ kí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní màlúù kì í ṣe ewúrẹ́, ó sì kó o fún wọn ní tútù. Dànéyè ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló jẹ jù. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, inú rẹ̀ ti wú, ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Mo fi ahọ́n ta àjà ẹnu. Ọjọ́ yẹn nìkan ló dá mi lóhùn: ó gbórí sókè, ó wò mí. Ó kú kí ọ̀bẹ tó dé. Ẹran tí kò rí ọ̀bẹ, mùsùlùmí kì í jẹ ẹ́, kì í tà á. Ihò la gbẹ́, a sin ín tòun tọmọ inú rẹ̀.

Bàbá mi da ìyókù padà sí gàá, èmi tẹ̀ lé e. Bàbá Bùbá wò wọ́n lọ, wò wọ́n bọ̀. "Dànéyè dà?" Bàbá mi ní èèpo gbágùúdá ló pa á. Bàbá Bùbá ní, "Bàbá Ráfíù, wàrà yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ẹsẹ̀ wa ni. Ẹsẹ̀ wa ló mọ ibi tí koríko wà." Ó gba màlúù, kò sì yí àdéhùn padà. Hawáwù gbé wàrà fún mi nínú ewé. Mo dá a padà fún un. Ó gbà á, ó di ọwọ́ mi mú.

A ti dàgbà, Hawáwù ti relé ọkọ sí ìlú tí n kò mọ̀ títí dòní, nígbà tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran gbóná, tí aláìṣẹ̀ ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ sá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí gàá tú, Bàbá Bùbá da màlúù wa wá sẹ́nu ọ̀nà, títí kan àwọn ọmọ tí bàbá mi kò tíì fojú rí. Kò jókòó, ó bá àwọn ará rẹ̀ lọ. Bàbá mi, arúgbó, dúró láàárín wọn, ó ní, "Gbogbo wọn pé." Ó tún ní, "Ta ni yóò wá bá wọn rìn?" Oníṣòwò kó wọn lọ, takọtabo. Abo jáde, agbo tú.

Lónìí, ọkọ̀ ní ń kó màlúù tí à ń jẹ wá, inú ike lẹ sì ti ń mu wàrà, ẹ ní ó dùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá bó gbágùúdá, mo ṣì ń fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí èèpo rẹ̀ ká títí yóò fi gbẹ. Àwọn ọmọ mi á ní, "Màámi, màlúù wo lẹ ń dènà dè?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá wọlé tán, n óò tún ẹ̀gún náà tò.