Kí O Tó Jẹ Kasábe Mama Eufrosina

Gbogbo ará Cajuilito ló mọ ìtàn sájẹ́ǹtì Wenceslao. Ebi ń pa ọ̀gá ọlọ́pàá yìí lọ́jọ́ náà, ó bá yà sídìí ààrò olóògbé Mama Eufrosina, níbi tó ti ń yan kasábe, búrẹ́dì gbágùúdá pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ. Yudelka, ọmọ ilé kejì, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdámẹ́rin tirẹ̀ ni.

"Ìdá mélòó lẹ fẹ́, ọ̀gá?"

"Ọmọdé ń gba ìdámẹ́rin, ẹ wá ń bi mí? Ìdámẹ́wàá ni tèmi jàre!"

Mama gé e. Ó rí bí ahọ́n bàtà.

"Mama, ìrẹ́jẹ rèé o!"

"Ìrẹ́jẹ kẹ̀? Ẹnu yín lẹ fi bèèrè."

Kò sẹ́ni tó ń jẹun níbẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè ìṣirò. Nígbà tí Fáda Anselmo náà yà síbẹ̀, Mama bi í pé kí ni ìdajì ìdámẹ́ta. Fáda rẹ́rìn-ín: "Ọlọ́run nìkan ló mọ̀." Mama da aṣọ bo kasábe: "Ó dáa, Ọlọ́run ni màá gé e fún."

Ti Yudelka ló wá le. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kíláàsì kan náà lòun àti Mayelin àbúrò ẹ̀ máa wà. Mayelin ò tiẹ̀ dúró dìgbà yẹn: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gba àyè sílẹ̀ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o!"

Yudelka sunkún lọ bá Mama. Mama ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ọ̀bẹ ló gbé lé e lọ́wọ́.

"Pín kasábe yìí fáwọn ọmọ tó jókòó yẹn. Ẹni tó bá gé e ló ń mú kẹ́yìn."

"Tí kò bá wá dọ́gba ńkọ́?"

"Wàá gbọ́ ariwo wọn."

Ó gbọ́ ariwo lóòótọ́! Èérún ni Yudelka ń jẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ariwo rọlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sì kún.

Àìsàn tó pa Mama ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí èsì ìdánwò jáde. Yudelka sáré wọlé.

"Mama, mo yege!"

"Ọmọ mẹ́rìnlélógún lẹ jẹ́. Mélòó ló yege?"

"Méjìdínlógún."

"Ìdá wo nìyẹn?"

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin."

"Lọ mú kasábe wá. Odidi."

Ẹnikẹ́ni ò gba odidi rí lọ́wọ́ obìnrin yìí. Yudelka ò rántí ọ̀bẹ, ó kàn dá a sí méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan tóbi ju ìkejì lọ, afọ́jú gan-an á rí i. Ó na èyí tó tóbi sí Mama.

Mama gbà á, kò wo tọwọ́ ẹ̀, kò wo tọwọ́ ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.