Mílíìkì Tí Mo Fi Pamọ́ Lórí Òkè

Nígbà Sáàpù, ètò tó sọ owó wa di yẹpẹrẹ nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbádárìgì. Mílíìkì àti ṣúgà ti di ohun tí olówó oṣù ń wò lórí igbá kó tó kọjá lọ. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, nídìí òkè, mo sì máa ń fọ́nnu nípa rẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí ohun tó ga ju òkìtì iyanrìn etí òkun lọ.

Ọ̀rẹ́ tí mo ní jù níbẹ̀ ni olùkọ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ Ègùn láti Ajido. Ó lè fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ láti ìlú wọn wá síbi iṣẹ́, kó tún bá àwọn ọmọ sáré láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Òun ló rí àwòrán òkè ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni, tó sọ pé kí àwa méjèèjì lọ gùn ún. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré. Odindi ọdún kan la fi ń sáré lórí iyanrìn, tí a gbé àpò iyanrìn kọ́ ẹ̀yìn, tí àwọn apẹja ń wò wá tìyanu-tìyanu.

Bàbá ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé létí ọ̀sà. Ó ti gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, la bá lọ kí i. A rò pé ọ̀rọ̀ bàtà àti aṣọ òtútù ni yóò bá wa sọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni bàbá ń sọ ṣáá.

"Bí ẹ bá ti ga dé ibì kan, ebi ò ní pa yín mọ́," ó ní. "Irọ́ ni ara yín ń pa fún yín. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ohun tó dùn, tó tètè ń dà nínú. Ṣúgà, mílíìkì, gàrí, ìyẹ̀fun àgbàdo. Ẹ fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀."

"Omi ńkọ́ o, Bàbá?" ni mo bi í.

"Ẹ mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín. Bó bá ti pọ́n bíi tíì, omi yín ò tó nìyẹn. Ẹ má sì gbé sódàbì dání."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti di ìgò ọtí náà kan sínú ẹrù. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ẹnì kan máa fipá mú ẹnì kejì jẹun. Òun lẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni wọ́n fi oúnjẹ sí níkàáwọ́.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi máa ń yan ẹja ní Ajido, ó sì ń tà á lọ́jà Agbalata. Ó yan àgbàdo, ó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀pà. Ó tún kọjá ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ra agolo mílíìkì oníyẹ̀fun méjì àti páálí ṣúgà méjì bọ̀. Ọwọ́ mi ló kó wọn lé.

"Ovi ṣie," ó ní. Bó ṣe máa ń pè mí ní ọmọ rẹ̀ lédè Ègùn nìyẹn. "Èyí tí mo bí yìí, tó bá ti ń ṣeré, kì í rántí oúnjẹ. Bá mi mójú tó o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá."

Nígbà tí mo ń di ẹrù nílé, ìyàwó mi gbé agolo kan sókè, ó wò ó, ó sì rọra gbé e padà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ wa lẹ́nu ọmú, ògì lásán ló ń mu. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé agolo kan àti páálí ṣúgà kan yóò tẹ̀lé mi padà wálé. Mo kì wọ́n sísàlẹ̀ àpò mi, lábẹ́ aṣọ. Mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi.

A gba Kàlàbá kọjá, a wọ ọkọ̀ ojú omi dé Kamẹrúùnù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ló mú wa gòkè. Ọjọ́ kìíní dùn. Inú igbó la wà, omi wà, a sì jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, igi tán, ó wá ku koríko, òkúta dúdú àti afẹ́fẹ́ tó ń gún ni nímú. Kò sí omi lókè yẹn àfi èyí tí a rù. Mo wo ohun tó kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi bí ẹni ń bu òògùn fọ́mọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ní orí ń fọ́ òun, pé òun ò fẹ́ jẹun, mi ò fipá mú un. Kí n sọ òótọ́, ara tù mí pé kò jẹ.

Nígbà tó yá, ó dúró. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ṣúgà yẹn ńkọ́?" ó bi mí. "Ó jọ pé òun nìkan lẹnu mi lè gbà."

"Ó ti tán," ni mo wí.

Ó mi orí, ó tún ń bá ìrìn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo gbọ́ tí òkúta wẹ́wẹ́ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti yọ̀ ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì ti gbá àpáta.

Ọ̀gbẹ́ni tó mú wa gòkè béèrè bóyá nǹkan dídùn kankan wà lọ́wọ́ wa. Mo tú àpò mi. Mo po ṣúgà àti mílíìkì fún ọ̀rẹ́ mi, mo ní mo ṣèèṣì rí díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò ni. Ọ̀gbẹ́ni náà wo páálí tó kún, ó wò mí, ó sì gbójú kúrò. Ọ̀rẹ́ mi ò rí i. Ó dijú bó ṣe ń mu ún.

A kò dé orí òkè. Ọjọ́ méjì la fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tọ́jú orúnkún náà, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ mú un kúrò nídìí eré ìdárayá, wọ́n ní kó máa mójú tó yàrá ìkàwé.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé oúnjẹ yẹn tó yín?"

"Ó tó, Ìyá," ni mo dá a lóhùn.

"Òkè yẹn ló ṣe é, nígbà náà," ó ní, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo mú ọmọ òun bọ̀.

Èyí tó kù nínú mílíìkì náà dé ilé mi. Inú ìyàwó mi dùn, ọmọ mu ún tán láàárín oṣù kan. Èmi ò lè fi í sí tíì.

Wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Ajido. Ìyá ti kú nígbà náà. A jókòó níwájú ilé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ tí mo di ẹrù.

"Ṣé ọmọ yẹn mu ún?" ó bi mí.

"Ó mu ún."

"Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti ní kí o fi méjèèjì sílẹ̀ fún wọn nílé. Ìyá mi pàápàá ò ní kọ̀. À bá wá nǹkan mìíràn gbé dání." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ìyá máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ títí tó fi kú."

Kò bínú. Ó ní kí n wá wo ibi tí wọ́n sin Ìyá sí lẹ́yìn ilé, ó dìde, mo sì tẹ̀lé e. Nígbà tí a débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí dìde.